Kẹ́míkà tó ń da họ́mónù rú: ìbéèrè àti ìdáhùn nípa jíìnì, oyún àti ọmọ bíbí

Bí ọdún méjì bá ti yí po lórí ìgbéyàwó tí oyún kò dé, obìnrin ni gbogbo ẹbí ń wò. Ẹnì kan á ní ó ti ba ilé ọmọ ara rẹ̀ jẹ́ nígbà ọmọge, ẹlòmíràn á ní ayé ló ń bá a jà. A kì í sábà dárúkọ àwọn kẹ́míkà tó wà nínú ike, ìpara, oògùn oko àti oògùn irun, tí wọ́n ń da iṣẹ́ họ́mónù rú. Kì í ṣe gbogbo àìrọ́mọbí ló tọwọ́ wọn wá, a kò sì fẹ́ fi wọ́n dẹ́rù ba aboyún kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa wọn pọ̀ tó láti mú ẹ̀bi kúrò lórí ọ̀pọ̀ obìnrin, ó sì pọ̀ tó kí á tún ilé ìdáná wa yẹ̀ wò.

Kí là ń pè ní kẹ́míkà tó ń da họ́mónù rú?

Họ́mónù ni iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí èkejì, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ wò ó bí àrokò tí àwọn ọba àtijọ́ máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn: ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè rí ẹrù náà lọ́nà, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi í rán sí nìkan ló mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀sítírójìn, họ́mónù obìnrin, lè gba gbogbo ara kọjá, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tí a fi mọ ara) tó bá ní olùgbà ẹ̀sítírójìn, ìyẹn ojú ibi tí họ́mónù náà máa ń jókòó sí, irú èyí tó wà nílé ọmọ àti lọ́mú, nìkan ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Àrokò tí ọba kankan kò fi ránṣẹ́ ni àwọn kẹ́míkà yìí. Òmíràn nínú wọn jọ họ́mónù débi pé olùgbà á gbà á wọlé. Bisphenol A, tí gbogbo ayé ń pè ní BPA, tí wọ́n fi ń ṣe irú ike líle kan, wà nínú ọ̀wọ́ yìí. Òmíràn á lọ jókòó sójú ibi tó yẹ kí họ́mónù jókòó sí, kò ní jẹ́ iṣẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ojúlówó ráyè. Bẹ́ẹ̀ ni DDE, ohun tí oògùn apakòkòrò DDT máa ń dà lára, ṣe ń dènà họ́mónù ọkùnrin. Àwọn kan kò tilẹ̀ fọwọ́ kan olùgbà. Ìwọ̀n họ́mónù tí ara ń pèsè ni wọ́n ń dín kù. Àwọn phthalate, tí wọ́n fi ń mú kí ike rọ̀, tí wọ́n sì fi ń mú òórùn dídùn pẹ́ lára, ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí kóró ẹpọ̀n ọmọ eku tó wà nínú oyún.

Ọdún 1991 ni Theo Colborn àti àwọn onímọ̀ mìíràn pàdé ní Wingspread, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n fún ọ̀wọ́ kẹ́míkà yìí lórúkọ. Nínú ìròyìn ọdún 2012 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) àti UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, jọ ṣe, nǹkan bí 800 kẹ́míkà ni wọ́n mọ̀ tàbí tí wọ́n fura sí.

Ṣé jíìnì wa ló ń bàjẹ́ ni?

Rárá, ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Jíìnì ni àṣẹ tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, tó wà lára okùn tó ń jẹ́ DNA nínú sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ojú àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní jíìnì kan náà, nǹkan bí 20,000. Ohun tó mú kí ọ̀kan jẹ́ ojú kí èkejì sì jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni jíìnì tí a tàn àti èyí tí a pa nínú oníkálukú. Àwọn kẹ́míkà yìí sábà máa ń fi DNA sílẹ̀ bó ṣe wà. Títàn àti pípa yẹn ni wọ́n ń dá sí.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹ̀sítírójìn wọ inú sẹ́ẹ̀lì kan nílé ọmọ. Bó bá ti wọlé, olùgbà á dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì á sì lọ bà lé ojú ibì kan pàtó lórí DNA, nítòsí jíìnì tí wọ́n fẹ́ tàn. DNA kì í nà gbalaja. Ńṣe ló wé mọ́ àwọn purotéènì kan tó ń jẹ́ histone. Olùgbà yẹn á pe àwọn olùrànlọ́wọ́ wá, wọ́n á tú ibi tó wé le, jíìnì á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹ̀sítírójìn bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ BPA ló wọlé, ọ̀nà kan náà ló máa gbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, àkókò rẹ̀ sì lè má tíì tó.

Ọ̀nà kejì ló ń kọ wá lóminú jù. Àwọn àmì kéékèèké kan wà tó ń jẹ́ methyl, tí ara máa ń lẹ̀ mọ́ DNA kí jíìnì kan lè dákẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá pín sí méjì á da àmì náà kọ fún ọmọ rẹ̀, nítorí náà àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ DNA ọmọ inú oyún lè wà lára rẹ̀ títí dọjọ́ ogbó. Bí kẹ́míkà bá jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí kò yẹ, tàbí kí wọ́n gbàgbé láti lẹ̀ ẹ́, kẹ́míkà náà lè ti bá ìtọ̀ lọ tipẹ́ kí àṣìṣe náà ṣì wà níbẹ̀.

Ní Yunifásítì Duke, Dana Dolinoy àti Randy Jirtle fi eku kan tí wọ́n ń pè ní agouti hàn wá lọ́dún 2007. Bí eku yìí bá ní àmì methyl tó pọ̀ tó lórí jíìnì agouti, irun rẹ̀ á jẹ́ búráùn. Bí àmì náà bá kéré, irun rẹ̀ á ní àwọ̀ ìyeyè, eku náà á sì máa sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Jíìnì wọn kò yàtọ̀ síra o. Nígbà tí wọ́n po BPA mọ́ oúnjẹ àwọn ìyá eku ṣáájú oyún àti nígbà oyún, àwọn ọmọ aláwọ̀ ìyeyè pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tún fi folic acid, tàbí ohun kan tó wà nínú ẹ̀wà sóyà, kún oúnjẹ náà, àwọn ọmọ búráùn tún pọ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé folic acid ni ẹ̀rọ̀ fún BPA. Eku ni wọ́n fi ṣe é. Ìdí mìíràn ni aboyún fi ń lo folic acid, kí ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ ọmọ lè dí dáadáa, kí ó sì máa lò ó nìṣó.

Ẹ̀rí ha wà lára èèyàn, àbí ọ̀rọ̀ eku nìkan ni?

Ẹ̀rí wà, ó sì bani nínú jẹ́. Ọdún 1938 ni Charles Dodds àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba ṣe diethylstilbestrol, tí wọ́n gé kúrú sí DES: ẹ̀sítírójìn àtọwọ́dá tó ṣeé gbé mì, tí kò sì wọ́n. Dodds yìí kan náà ló ti dán BPA wò lọ́dún 1936, tó rí i pé òun náà ń ṣe bí ẹ̀sítírójìn. Ẹ ò rí i pé ayé ti mọ ìwà BPA ṣáájú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ike tí a fi ń jẹun ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà.

Láti àwọn ọdún 1940 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń kọ DES fún aboyún tí wọ́n ń bẹ̀rù pé oyún rẹ̀ fẹ́ wálẹ̀. Lọ́dún 1953, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Chicago gbé àbájáde ìwádìí jáde: wọ́n fún àwọn aboyún kan ní DES, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. DES kò dín iye oyún tó ń wálẹ̀ kù. Síbẹ̀ wọn ò yéé kọ ọ́ fún aboyún fún ọdún 18 mìíràn. Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí àwọn ìyá yẹn gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu ni.

Nígbà tó yá, ní Boston, wọ́n rí ọmọbìnrin mẹ́jọ, ọmọ ọdún 15 sí 22, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ojú ara tí wọn kì í bá lára ọ̀dọ́. Ìyá ọ̀kan nínú wọn ló bi dókítà Howard Ulfelder bóyá DES tí òun lò nígbà oyún kọ́ ló fà á. Ulfelder, Arthur Herbst àti David Poskanzer wádìí rẹ̀: ìyá méje nínú mẹ́jọ ló ti lo DES. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1971, nígbà tó sì di oṣù kọkànlá ọdún yẹn, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn dókítà má kọ ọ́ fún aboyún mọ́. Wọ́n fojú bù ú pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 5 sí 10, ìyá àtọmọ, ló ti kàn ní Amẹ́ríkà nìkan.

Nǹkan bí ọ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún ọmọbìnrin DES ló ní jẹjẹrẹ yẹn. Ohun tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fara sin: ilé ọmọ tó dúró bíi lẹ́tà T, oyún tó dúró sí ojú ọ̀nà ẹyin, ọmọ tí kò pé oṣù. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2011 fi hàn pé 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní ìṣòro àìrọ́mọbí títí di ọmọ ọdún 45, nígbà tó jẹ́ 15.5 láàárín àwọn tí ìyá wọn kò lo oògùn náà.

Jíìnì wo ló kàn? Nígbà tí ilé ọmọ bá ń mọra nínú ọmọ inú oyún, àwọn jíìnì kan tó ń jẹ́ HOXA máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: HOXA9 fún ọ̀nà ẹyin, HOXA10 fún ilé ọmọ, HOXA11 fún ìsàlẹ̀ ilé ọmọ àti ọrùn rẹ̀, HOXA13 fún ojú ara. Nínú eku, DES mú HOXA9 ṣiṣẹ́ nílé ọmọ níbi tí kò yẹ kí ó ti ṣiṣẹ́, ó sì dín agbára HOXA10 kù níbẹ̀. Ilé ọmọ tí wọ́n fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ mọ, báwo ni kò ṣe ní wọ́? Wọ́n tún rí i pé ọmọ eku tí wọ́n fún ní DES ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí pàdánù àmì methyl lórí jíìnì lactoferrin nílé ọmọ, jíìnì náà kò sì dákẹ́ mọ́ nígbà tí eku náà dàgbà.

Kí ló dé tí ẹ ń pe oyún ní gbogbo ìgbà? Ṣé àgbàlagbà kò sí nínú ewu ni?

Ó wà, àmọ́ kì í ṣe bákan náà. Lára àgbàlagbà, bí kẹ́míkà bá lọ, ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń padà sípò. Lára ọmọ inú oyún, ìgbà ìmọra ni, ohun tó bá wọ́ nígbà náà ṣòroó tún nà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹrìnlá oyún ni họ́mónù ọkùnrin ń pinnu bí ẹ̀yà ara ọmọkùnrin yóò ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ìyá ò tíì sọ fún ẹbí pé òun lóyún nígbà yẹn.

Ti ọmọbìnrin tún yàtọ̀. Gbogbo ẹyin tí obìnrin yóò ní láyé ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún oyún, ó tó mílíọ̀nù 6 sí 7. Nígbà tí wọ́n bá fi máa bí i, á ti ku mílíọ̀nù 1 sí 2. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìyá yín àgbà gbé oyún ìyá yín, ẹyin tó wá di ẹ̀yin fúnra yín ti wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí aboyún bá fara kó lè kan ìran mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ó lè dé ọ̀dọ̀ ìran kẹrin?

Nínú eku, Michael Skinner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington State University sọ lọ́dún 2005 pé oògùn oko kan tó ń pa olú, tó ń jẹ́ vinclozolin, ba àtọ̀ jẹ́ títí dé ìran kẹrin. Àwọn ilé ìwádìí kan tún un ṣe, wọn kò rí ohun kan náà. A kò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára èèyàn. Ẹni tó bá ní ègún kẹ́míkà ti wọ ìdílé kan títí ayé ń sọ kọjá ohun tí sáyẹ́ǹsì mọ̀.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́?

Wọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́. Lọ́dún 1977, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní Lathrop, ní California, tí wọ́n ń po oògùn apakòkòrò DBCP, fọ̀rọ̀ wérọ̀, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tí ìyàwó rẹ̀ tún lóyún nínú wọn. Àyẹ̀wò àtọ̀ fi hàn pé àwọn kan kò ní irúgbìn nínú àtọ̀ rárá. DBCP ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe àtọ̀ ní tààrà, kì í ṣe họ́mónù nìkan ló ń dà rú. Mo mẹ́nu kàn án torí pé ó fi hàn bí ọkùnrin ṣe lè gbádùn ibùsùn, kí ara rẹ̀ le koko, síbẹ̀ kí kò ní irúgbìn. Pé ọkùnrin ní okun kò túmọ̀ sí pé ó lè bímọ.

Ní ti phthalate, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Shanna Swan fi hàn lọ́dún 2005 pé bí phthalate bá ṣe pọ̀ nínú ìtọ̀ aboyún tó, bẹ́ẹ̀ ni ààyè tó wà láàárín ihò ìdí àti okó ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe máa ń kéré. Ìwọ̀n yẹn ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ̀ bóyá họ́mónù ọkùnrin ṣiṣẹ́ tó nínú oyún. Lọ́dún 2017, Hagai Levine àti Swan kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ: láàárín 1973 sí 2011, bí irúgbìn ṣe pọ̀ tó nínú àtọ̀ ọkùnrin ní Àríwá Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Ọsirélíà àti New Zealand ti fi 52.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀. Sìgá, ìsanrajù àti ooru náà ń dín àtọ̀ kù, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ko gbogbo rẹ̀ lé kẹ́míkà lórí.

WHO sọ lọ́dún 2023 pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà ni àìrọ́mọbí máa ń kàn nígbà ayé rẹ̀. Ẹ̀yin ọkọ, àyẹ̀wò àtọ̀ kò wọ́n, kò sì ro èèyàn lára. Kí ìyàwó tó gba inú ẹ̀rọ àyẹ̀wò kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọkọ ti lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ṣebí ìwọ̀n tó ń wọ ara wa kéré gan-an?

Ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n bíńtín náà ni họ́mónù fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn fi pọ̀. Lọ́dún 2023, EFSA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù, sọ ìwọ̀n BPA tí èèyàn lè jẹ lójúmọ́ di 0.2 nanogram (nanogram kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù) fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìdá kan nínú 20,000 ti tẹ́lẹ̀. Àjọ BfR ti Jámánì kò fara mọ́ ọn, 200 nanogram ni tiwọn. Síbẹ̀ tiwọn gan-an kéré sí èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de BPA nínú ohun tó ń kan oúnjẹ.

Ṣé kí n jáwọ́ nínú mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá?

Bẹ́ẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá lè rí ewé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò tọ́ ká kàn máa pariwo pé ọ̀rá ń fa jẹjẹrẹ. Polyethylene ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí a ń lò, kò sí BPA nínú rẹ̀, kò sì nílò phthalate kó tó rọ̀. Ìṣòro wà nínú àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n pò mọ́ ọn: àwọ̀, ọ̀dà ìtẹ̀wé, èròjà tí kì í jẹ́ kó gbó, àti ike àlòkù tí wọ́n tún yọ́ ṣe. Ẹni tó ń ta ọ̀rá lọ́jà kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè mọ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí kẹ́míkà jáde kúrò lára ike sínú oúnjẹ: ooru, òróró àti kí wọ́n pẹ́ papọ̀. Ẹ wá wo mọ́ínmọ́ín. Òróró wà nínú rẹ̀, ó ń hó nínú omi gbígbóná fún bíi wákàtí kan, ọ̀rá ló sì fara tì látòkè délẹ̀. Ẹ wo àmàlà tí wọ́n rò tán tí wọ́n gbá mọ́nú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tó ṣì ń gba èéfín: bẹ́ ẹ bá ń tú u, ọ̀rá náà á ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ mọ́ ọn lára, á máa fà. Ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tún burú jù ú lọ nítorí epo rẹ̀.

Ewé mọ́ínmọ́ín, ewé ẹ̀kọ àti abọ́ irin tí kì í dípata kò ní wàhálà yìí. Agolo mílíìkì àlòkù ńkọ́? Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà epoxy kun inú agolo oúnjẹ kó má baà dípata, BPA sì ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Abọ́ irin dára jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ sí ibi iṣẹ́, ẹ yí i sínú àwo tánganran kí ẹ tó gbé e sínú màíkíròwéèfù.

Mo mọ̀ pé ewé ti wọ́n, pé ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín ní òpópónà ń ṣírò kọ́bọ̀. Òun kọ́ là ń bá wí. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá àti àwọn tó ń ṣòfin ló yẹ kí wọ́n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Jáàgì omi dìsípẹ́ńsà àti píọ̀ wọ́tà ńkọ́?

Ẹ dojú jáàgì náà dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà 7 nínú àmì onígun mẹ́ta, tí lẹ́tà PC (polycarbonate) sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ike tí wọ́n fi BPA ṣe nìyẹn. Kò ní kẹ́ ẹ dà á nù lónìí, àmọ́ ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má sì fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́.

Ohun tí ọṣẹ ṣe sí irú ike yìí ló la onímọ̀ kan, Patricia Hunt, lójú ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1998. Ẹyin eku ló ń ṣàyẹ̀wò. Lójijì ni ẹyin àwọn eku tí kò ní àrùn kankan bẹ̀rẹ̀ sí í ní kromosómù (ìdì DNA inú sẹ́ẹ̀lì) tí kò pé tàbí tó lé. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, kó tó yé wọn pé ẹnì kan ti fi ọṣẹ ìfọlẹ̀ líle fọ àgò àti ìgò omi àwọn eku náà. Ike polycarbonate ni wọ́n, ọṣẹ ti jẹ ẹ́ débi tí BPA fi ń ṣẹ́ jáde. Kromosómù tó lé tàbí tó dín wà lára ohun tó sábà máa ń fà á tí oyún fi ń wálẹ̀ lára èèyàn.

Píọ̀ wọ́tà kì í ṣe irú ike yìí. Ẹ ṣáà má rà á níbi tí oòrùn ti ń pa á láti òwúrọ̀.

Wọ́n kọ "BPA-free", pé kò sí BPA níbẹ̀, sára kúlà oúnjẹ tí mo rà fún ọmọ mi. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi BPS tàbí BPF, tí wọ́n jẹ́ ẹbí BPA, rọ́pò rẹ̀, àwọn náà sì ń bá olùgbà ẹ̀sítírójìn ṣe. Irú èyí wà lára risíìtì POS náà: lára bébà tí ooru fi ń tẹ̀wé, ńṣe ni BPA tàbí BPS kàn wà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò dì mọ́ nǹkan kan bíi ti inú ike. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe POS látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ máa fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì fi ìpara tàbí sanitáísà sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó mú risíìtì, torí ńṣe ló ń jẹ́ kó tètè wọ ara.

Relaxer ni mo ń lò láti kékeré, mo sì ní fáíbírọ́ìdì. Ṣé òun ló fà á?

Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nípa ara yín nìkan. Ohun tí ìwádìí rí nìyí. Lọ́dún 2012, ìwádìí lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà rí i pé fáíbírọ́ìdì pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tó ń lo relaxer. Lọ́dún 2022, ìwádìí mìíràn tó tọpa obìnrin 33,497 fún bí ọdún 11 rí i pé àwọn tó lo oògùn ìnarun ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lọ́dún kan ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lò ó. Bí ẹ bá gbé e sí orí ìṣírò, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí kò lò ó, 1.64 ni yóò ní i kó tó di ẹni 70 ọdún. Nínú àwọn tó ń lò ó léraléra, 4.05. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní ní i. Ìbátan ni ìwádìí yìí rí, kò tíì fi hàn pé relaxer gan-an ló dá a sílẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kàn wá, nílé àti lẹ́yìn odi, ni pé láti kékeré la ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kun orí ọmọ ọdún mẹ́jọ nítorí ọdún Kérésìmesì, á jó o lórí, á bó, wọ́n á ní kó fara dà á kó lè nà. Ojú egbò yẹn ni kẹ́míkà ń gbà wọlé. Ẹ dì í fún un, tàbí kẹ́ ẹ fi òwú kó o. Òwú àti ìlẹ̀kẹ̀ kì í jó orí ọmọ.

Oògùn oko ńkọ́?

Àwọn bàbá wa fín Gamalin 20 sí kòkó, àwọn kan sì dà á sódò láti fi pa ẹja. Lindane ni, ó wà lára àwọn tí àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí kẹ́míkà tó ń pẹ́ láyìíká, ti fòfin dè lágbàáyé. Èyí tó gbòde lẹ́yìn náà ni atrazine, oògùn koríko àwọn alágbàdo. Lọ́dún 2010, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Tyrone Hayes ní California fi akọ ọ̀pọ̀lọ́ 40 sínú omi tó ní atrazine díẹ̀ títí tí wọ́n fi dàgbà: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kò lè gùn mọ́, ìdá kan nínú mẹ́wàá di abo, tó ń yé ẹyin. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ títí dòní. Yúróòpù ti lé e kúrò lọ́jà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, Amẹ́ríkà ṣì ń lò ó, NAFDAC sì kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, kò gbọ́dọ̀ sí lọ́jà wa mọ́.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ ó mú nínú ìdáhùn yìí, ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì oògùn oko gbé epo pupa tàbí omi láé, kódà bẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ṣé kí n dá ọmú dúró, kí kẹ́míkà má baà ti ọmú wọ inú ọmọ?

Ẹ má dá a dúró. Lóòótọ́ wọ́n ti rí DDT àti irú rẹ̀ nínú wàrà ìyá níbi púpọ̀, WHO sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọmú nìkan ni wọ́n ní kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Àǹfààní rẹ̀ ju ewu yẹn lọ.

Ṣé àgbo tàbí tíì kan wà tó lè fọ̀ wọ́n kúrò lára?

Kò sí. Ẹ má náwó sí i. BPA àti ọ̀pọ̀ phthalate máa ń bá ìtọ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ohun tó mú kí wọ́n wà lára wa lójoojúmọ́ ni pé ojoojúmọ́ là ń bù kún un. Dioxin, tó máa ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń jó ike àti wáyà, àti DDT ní tiwọn máa ń wọ inú ọ̀rá ara, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí tíì tó ń lé wọn.

Ohun tó fún mi ní ìrètí ni ìwádìí kan ní Salinas, ní California, tó jáde lọ́dún 2016. Ọmọbìnrin ọgọ́rùn-ún fi ìpara, ṣampú àti àtíkè tí kò ní àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí rọ́pò tiwọn fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ohun tó ń fi ọ̀kan nínú àwọn phthalate hàn nínú ìtọ̀ wọn lọ sílẹ̀ ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, tí paraben kan, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, sì lọ sílẹ̀ ní ìdá 44.

Mo lóyún lọ́wọ́lọ́wọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò ní ná yín ní nǹkan kan. Oúnjẹ gbígbóná, ẹ gbà á sínú abọ́ tí ẹ mú wá láti ilé. Ẹ dẹwọ́ relaxer títí ẹ ó fi bímọ. Ìpara tí wọn ò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, pàápàá ìpara ìbóra, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fín oògùn ẹ̀fọn sínú yàrá, ẹ jáde, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí ẹ tó padà wọlé. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sùn sí. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n fi táyà jó, ẹ má jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fín oko, tàbí ní sàlọ́ọ̀nù, tàbí níbi tí wọ́n ti ń jó wáyà, ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n lè má bi yín. Ẹ mú agolo tàbí páálí ohun tí ẹ ń lò dání, kí wọ́n ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ fúnra wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú káàdì yín.